Ẹ̀bẹ̀ Tí A Bẹ̀ fún Ọlọ́kadà Wa

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ẹni tó bá ti so táì mọ́rùn, tó sì gbọ́ òyìnbó dáadáa, kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tí kò lè wọ̀ kó sì mú ẹni tirẹ̀ jáde. Táì kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, òkìrìkà ni, ó pupa bí ata tó ti gbó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo ń retí ìwé àgùnbánirọ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ní lẹ́sìnnì kí n lè rí jẹ. Yàrá kan ni mo gbà ní Mayfair nílùú Ifẹ̀, nílé ìyá kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Onílé, bí ẹni pé ilé tirẹ̀ nìkan ni ilé tó wà lójú pópó yẹn. Ìtàn ni mo kà, mi ò ka òfin, àmọ́ ẹ ò ní mọ̀ bí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ ń gbélé ń pè mí ní Lọ́yà. Mo máa ń ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ní irú ohùn tí èèyàn fi ń sọ pé kí wọ́n má bu ẹran kún oúnjẹ òun.

Ní oríta wa, ọkùnrin Haúsá kan wà tó máa ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò lárààárọ̀. Ọlọ́kadà wa ni gbogbo ilé ń pè é, bí kì í bá ṣe Mọ́là tí wọ́n ń pe gbogbo Haúsá. Òun ló ń gbé Màmá Onílé lọ sọ́jà, òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, òun náà ló sì ń gbé èmi àti táì mi lọ síbi lẹ́sìnnì. Èdè ló so èmi pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀. Kàdúná ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń ránṣọ níbẹ̀ títí mo fi dàgbà díẹ̀, nítorí náà Haúsá ti jókòó sẹ́nu mi kí Yorùbá tó ráyè wọlé. Kàdúná gan-an ló sọ mí.

"Kàdúná," yóò ní, ní èdè rẹ̀, "èdè wa dùn lẹ́nu rẹ, àfi bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń jẹ gúgúrú."

Èmi náà á ní Yorùbá tirẹ̀ ńkọ́, tí kò ju "ẹ jókòó dáadáa," "ẹ sún mọ́ mi" àti "ṣéńjì ò sí" lọ? Yorùbá ojú títì ni, kò yà wọ inú ilé. A jọ máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí bàbá mi máa ń sọ ní Kàdúná. Bí adìẹ bá sọnù ní òpópó wa níbẹ̀, ilẹ̀kùn wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn, torí àwa ni Yorùbá tó wà láàárín wọn. Bàbá mi yóò ṣílẹ̀kùn, yóò jẹ́ kí wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, yóò kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán ni yóò wá ní, "Ẹni tí wọn ò mọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fura sí." Mo rò pé ọ̀rọ̀ Kàdúná nìkan nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá ti padà sílé, sáàárín àwọn tó mọ bàbá mi, mi ò tún ní rí irú rẹ̀ mọ́. Òótọ́ sì ni, èmi ò rí i mọ́. Ẹlòmíràn ló kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, igbe Màmá Onílé ló jí wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó máa ń gbé sábẹ́ àtẹ̀gùn ti di àwátì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ èpè ní èdè Ifẹ̀ tó jinlẹ̀, ó ti ìka ẹsẹ̀ olè bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kò tíì dé orúnkún nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àwọn fijilanté ló ń pè é. Wọ́n ti dá ọ̀kadà kan dúró lọ́nà Ìpetumodù, wọ́n sì rí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ tó fi ọ̀dà funfun kọ sára jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá lórí rẹ̀. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà náà ni ọlọ́kadà wa. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tó gbá jẹnẹrétọ̀ mọ́ àyà, ni ọmọ àbúrò Màmá Onílé fúnra rẹ̀, ọmọ pólì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń jẹ nínú ìkòkò rẹ̀.

Màmá Onílé dáwọ́ èpè dúró lójijì. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹ." Èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí àgọ́. Mo so táì.

Ọmọ náà kò tilẹ̀ jiyàn. Níwájú wa ló ti sọ ọ́, ikun àti omijé ń ṣàn pọ̀: "Mọ́mì, iṣẹ́ èṣù ni. Mo sọ fún Mọ́là pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e lọ tún ṣe. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ. Ọlọ́kadà wa, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, kò gbọ́ ọ, torí Yorùbá yẹn kì í ṣe Yorùbá ojú títì. Ó ń wo ẹnu gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wo ibi tí òjò ti máa rọ̀.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí àwọn alábẹ̀bẹ̀ fi dé. Bàbá ọmọ náà dé láti ilé wọn lẹ́bàá Ènúwá, ó kó olórí ẹbí lọ́wọ́, ó kó pásítọ̀, ó sì kó alága ẹgbẹ́ onílé ní Mayfair. Àwọn àgbàlagbà yìí kò pariwo, wọn ò gbé òfin lérí. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n kí ọ̀gá ọlọ́pàá, wọ́n bi í léèrè ìlera àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni olórí ẹbí rọra ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọ̀nyí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ fà á lé wa lọ́wọ́. Nínà tí a máa nà án nílé, adájọ́ ò lè nà án tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ọlọ́pàá mi orí. "Bàbá, ẹ̀yin àgbà náà lẹ bà wọ́n jẹ́."

"Àwa náà la máa tún wọn ṣe, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Onílé, ó nà gbalaja. Màmá Onílé fi gèlè nu ojú, ó ní òun ti dárí jì í. Wọ́n ní kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó àkókò tí ìrẹsì fi ń jinná. Mo ń wò wọ́n, ó sì wù mí, mi ò ní purọ́. Ohun tó dára jù lọ nínú ìwà àwa Yorùbá ni mo rí lójúkorojú: ọmọdé ṣìṣe, àgbà dìde, ayé rẹ̀ kò bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń jáde ni mo rí i pé ọlọ́kadà wa ṣì jókòó sílẹ̀. Mo sún mọ́ káńtà, mo fi òyìnbó tó wúwo bi ọ̀gá ọlọ́pàá pé ẹnì kejì ńkọ́.

Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn. "Ta ló bá a wá?"

"Èmi ni, sà."

Ó wo táì mi. "Lọ́yà ni ẹ́?"

"Rárá, sà. Ìtàn ni mo kà."

"Ìtàn lo kà? Ó dáa. Lọ kọ èyí kún un."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́kadà wa náà rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé nǹkan ti ń dára. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ ló ṣàánú mi, ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Àbúrò, gbọ́. Fijilanté ti mú ẹjọ́ yìí wá pẹ̀lú ẹrù olè, a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a lọ sí kóòtù. Ẹlẹ́rù ní òun ò bá ọmọ òun jà. Ta ló wá kù? Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan níbí. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n wá bẹ̀bẹ̀, kíákíá, kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo sáré lọ sí Sábó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà ni mo bá, ó ń pa àpò dé. Mo rò ó fún un. Kò dáwọ́ dúró.

"Kàdúná, bí mo bá dé ibẹ̀, ẹni méjì la máa dà."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni kó wá bẹ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo rí Haúsá tó wọ àgọ́ wá bẹ̀bẹ̀ tí wọn ò kọ́kọ́ bi í pé kí ni òun náà jí. Mo ní kí ó jẹ́ ká mú olórí àwọn Haúsá dání. Ó ní bàbá náà ti lọ sókè Ọya lọ sìnkú. Ìyàwó ọlọ́kadà wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Ó di abẹ́ ikùn mú. Nígbà tí mo fi padà dé àgọ́, ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀gá ti lọ sílé. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti yàrá ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ tí ọmọ pólì ń hanrun.

Nígbà tí wọ́n gbé ọlọ́kadà wa lọ sí kóòtù, mo lọ. Mo bá ọ̀pọ̀ èèyàn nínú gbọ̀ngàn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó wá torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ń pe ẹjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbìrà kan tó ń ṣe lébìrà lóko kòkó jáde, wọ́n ní ó jí kòkó. Àgátú kan jáde. Haúsá kan tó ń ru ẹrù jáde. Ọmọ ìlú kan náà jáde, àmọ́ ẹbí rẹ̀ kún bẹ́ńṣì, lọ́yà rẹ̀ sì ti dìde kó tó jókòó. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé.

"Ẹ ò ri? Àwọn àlejò yìí ló ń jalè ìlú yìí pa."

Ojú rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ohun tó wà níwájú wa ló kà. Èmi náà ìbá kà á bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé mo mọ ẹnì kan tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, tí mo ṣì fi sílẹ̀ nílé láàárọ̀ yẹn níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì. Mo wá ń bi ara mi pé lẹ́yìn Ìgbìrà yìí, lẹ́yìn Àgátú yìí, àwọn mélòó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá dúró, tí àgbà kan ṣí fìlà fún, tí wọ́n sì ti lọ sílé?

Wọ́n pe ọlọ́kadà wa. Ẹni tó ń túmọ̀ Haúsá ní kóòtù kò wá lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé kóòtù bèèrè pé ta ló gbọ́ Haúsá, mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ìṣirò. Wọ́n mú mi búra pé gbogbo ohun tó bá sọ ni mo máa sọ, mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ kúrò. Mo wá rí i pé táì mi bá ibẹ̀ mu.

Adájọ́ náà, obìnrin tó fara balẹ̀ ni. Wọ́n ka ẹ̀sùn, mo túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ ní kí n bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ọlọ́kadà wa tẹ̀ síwájú nínú àkámọ́, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí mi bí ẹni pé àwa méjèèjì nìkan la wà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Kàdúná, àwọn ọlọ́pàá ní bí mo bá ní mo jẹ̀bi, wọ́n á tètè tú mi sílẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ bímọ. Bí mo bá gbà, ṣé màá sùn sílé lónìí?"

Mo ti búra. Mo yíjú sí adájọ́, mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Sọ fún un pé a kì í nájà níbí. Ṣé ó jí i àbí kò jí i?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Mi ò jí nǹkan kan. Èrò ni mo gbé. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìyẹn ló máa gbé mi délé, kí wọ́n kọ ọ́ pé mo jí i."

Mo sọ ìyẹn náà. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùjẹ́jọ́ ní òun kò jẹ̀bi. Inú mi wú bí àkàrà inú epo. Mo rò pé a ti jàre ẹjọ́ náà. Mo tilẹ̀ ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan tó mọ̀ mí wà níbẹ̀ tó máa sọ fún wọn nílé. Adájọ́ ṣàánú, ó ní òun fún un ní béèlì, kí ó mú onídùúró kan wá tó ní ilé tirẹ̀ nínú ìlú, tó ní ìwé ilé àti ìwé owó-orí. Mo dìde, mo ní mo wà níbẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù bi mí, "Ilé rẹ dà?"

"Mayfair, sà."

"Ìwọ lo kọ́ ọ?"

Mo ronú kan matírẹ́ẹ̀sì mi àti sítóòfù mi. Gbogbo kóòtù ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó jókòó. Kò sí Haúsá kan tí mo mọ̀ ní Sábó tí kì í san owó ilé. Wọ́n bí àwọn míì níbẹ̀, wọ́n bí ọmọ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé onílé ni wọ́n ń gbé. Òfin béèlì kò dárúkọ Haúsá, kò dárúkọ Yorùbá. Ilé ló dárúkọ. Wọ́n ní kí wọ́n dá ọlọ́kadà wa padà sọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí wọ́n ń mú un kọjá, ó dúró níwájú mi. Kò bínú. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

"Kàdúná, kí lo sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Ibo wá ni òótọ́ náà ń gbé mi lọ?"

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ọmọbìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n alálùbọ́sà ló dúró ṣe bàbá níbi ìsọmọlórúkọ, ojú ìyá ọmọ náà sì ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà kan bá ń kọjá. Mo ti ibẹ̀ lọ bá Màmá Onílé tààrà. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí ìjókòó.

"Lọ́yà, o tún ti dé."

"Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà á. Ẹ wá sọ fún adájọ́ pé kì í ṣe òun ló jí i."

"Kí n wá ní ta ni?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Ṣé o ri? Bí mo bá ní kì í ṣe Mọ́là, ohun tí wọ́n máa bi mí tẹ̀ lé e nìyẹn. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi gbé ọmọ àbúrò mi fún adájọ́, lẹ́yìn tí mo ti ní mo dárí jì í? Ojú wo ni màá fi wo bàbá rẹ̀?" Ó ju òkúta ẹ̀wà kan sọnù. "Èmi ò bá Mọ́là jà o. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n mú un? Ìjọba ló mú un. Mo ti gbé mọ́ín-mọ́ín ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì."

Òótọ́ ni, ó ti gbé e ránṣẹ́. Ìkà kọ́ ni Màmá Onílé, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dà mí láàmú. Bó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá ti bínú, ǹ bá sì ti sùn. Mo sọ fún un pé wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó mú aṣọ ìpọnmọ tuntun kan jáde fún mi pé kí n gbé e fún ìyá ọmọ.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá? Màá lọ bẹ̀ wọ́n."

Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ padà bọ̀, Màmá Onílé kò dá wá. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó pásítọ̀, ó kó alága ẹgbẹ́ onílé, kódà olórí ẹbí bá a wá. Gbogbo alábẹ̀bẹ̀ ọjọ́ yẹn ló tún pé, lórí bẹ́ńṣì kan náà, fún ọlọ́kadà wa. Mo wò wọ́n, omi fẹ́ lé sójú mi. Ọlọ́kadà wa jáde láti inú ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n, ó ti rù, ó rí gbogbo àgbàlagbà wọ̀nyí, kò mọ ẹni tí wọ́n bá wá.

Atúmọ̀ kóòtù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò nílò mi. Wọ́n ka ẹ̀sùn. Atúmọ̀ kò tíì la ẹnu tí ọlọ́kadà wa fi dáhùn, ní òyìnbó tí wọ́n ti kọ́ ọ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n pé kó fi gbà pé òun jẹ̀bi: "Gíítì, mà." Kò bèèrè bóyá òun máa sùn sílé. Ó ti mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ló dá òun dúró nígbà àkọ́kọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n bi í bóyá ọ̀rọ̀ yẹn yé e. Ó ní ó yé òun. Adájọ́ ń kọ̀wé.

Mo fi ìgúnpá tọ́ Màmá Onílé. Ó dìde, ó ní òun lòun ni jẹnẹrétọ̀ náà, òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Adájọ́ fún un láyè. Màmá Onílé kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó kù dìde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣí fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ṣàánú rẹ̀. Ọmọ wa ni, òun ló ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀. Mo ti dárí jì í. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo dìde. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n jókòó. Adájọ́ wo Màmá Onílé títí, ó hàn lójú rẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́rù ti dárí ji ẹlẹ́bi, tí ẹlẹ́bi kò sì fi àkókò kóòtù ṣòfò, ọjọ́ tó ti lò lẹ́wọ̀n ti tó o. Kí ó máa lọ, kí ó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́.

Ìta kóòtù di ibi ayọ̀. Ọlọ́kadà wa kúnlẹ̀ fún Màmá Onílé, ó ń sunkún, Màmá Onílé náà ń sunkún, ó ra kóòkì àti búrẹ́dì fún un. Pásítọ̀ gbàdúrà, alálùbọ́sà tó sá pa mọ́ sẹ́yìn géètì jáde wá, ó ṣe àmín. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀. Mo fa Màmá Onílé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi ní kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Kí ló ṣe?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Kí ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀?"

Mo wá ronú títí mo fi délé. Ẹ̀bẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Ẹnu kan náà ló bẹ̀ wọ́n, fìlà kan náà ni wọ́n ṣí. Èyí tí wọ́n bẹ̀ ní káńtà, kí ìwé ẹjọ́ tó kọjá sí kóòtù, nu ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ṣe é kúrò. Èyí tí wọ́n bẹ̀ níwájú adájọ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ náà lé ẹni tí kò ṣe é lórí. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá Màmá Onílé mọ ohun tó ṣe, bóyá ó rí i pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tí òun fi lè gba Mọ́là láìfọwọ́ kan ọmọ àbúrò òun. Mi ò bi í. Ó ti kú báyìí, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọlọ́kadà wa padà sí oríta. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù lójú pópó kejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ. Wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù ẹlòmíràn sọnù, wọ́n tún mú un. Mo bi ọlọ́pàá kan léèrè ìdí, kò tilẹ̀ bínú sí mi, ó ní, "Ṣé kò jẹ̀bi rí ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó wà nínú ìwé ìjọba. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà ẹlòmíràn, àwọn ìyá sì yọ ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Kàdúná, ibikíbi tí mo bá ń lọ, orúkọ mi ti ṣáájú mi débẹ̀." Nígbà tó yá, mo dé abẹ́ igi máńgòrò, ọlọ́kadà mìíràn ni mo bá. Àwọn ará Sábó ní ó ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní Ìlọrin, ẹnì kan ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ pólì ti di ọ̀gá ńlá níbi iṣẹ́ kan. Tí a bá pàdé, ó ṣì máa ń tẹríba fún mi, ọmọlúàbí ni, ó ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dáadáa. Mi ò bá a jà. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló tún ayé rẹ̀ ṣe, ó sì wù mí kí wọ́n bẹ irú rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó bá ṣìṣe. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò kárí.

Mo ti lé lọ́mọ ogójì ọdún nísinsìnyí, mi ò so táì mọ́, ọrùn mi ti tóbi ju ohun tí à ń so lọ. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí àwọn èèyàn bá ń jiyàn pé ẹ̀yà wo ló ń jalè jù, tí ẹnì kan bá sì ní kí a lọ wo kóòtù, kí a lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n, èmi á kàn bi wọ́n pé àwọn tí wọn ò dé kóòtù ńkọ́, ta ló kà wọ́n? Wọ́n á ní Lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín, onígbàjámọ̀ á tẹ orí mi sílẹ̀.

Àmọ́ mo máa ń rò nípa ọmọbìnrin náà, tí wọ́n sọ lórúkọ láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Yóò ti dàgbà báyìí. Ó lè wà nínú ìlú kan tó jẹ́ pé àlejò ni, tí nǹkan sì lè sọnù lọ́jọ́ kan ládùúgbò rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó wà, mi ò mọ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo kàn ń fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ní ilé, tó ní fìlà lórí, tí yóò tètè dé.